Yu Guangzhong: Akéwì Tí Àárò Ilé Sọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹni tí ó pa òwe yìí gbà pé ọ̀nà ilé là sílẹ̀: ọjọ́ tí ó bá wu onílé, yóò di ẹrù rẹ̀, yóò sì máa lọ. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá ti ọ̀nà ilé pa ńkọ́? Ohun tí ojú akéwì ọmọ Ṣáínà nì, Yu Guangzhong, rí nìyẹn, òun náà ni ó sì sọ ọ́ di olókìkí.

Ìlú Nanjing ni a bí i sí lọ́dún 1928. Kò tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Jàpáànù wọ ìlú náà lọ́dún 1937. Ìyá rẹ̀ mú un sá, wọ́n sì dé agbègbè Chongqing, níbi tí ó ti kàwé títí ogun fi parí. Kò pẹ́ tí ó wọ yunifásítì ni ogun abẹ́lé tún gbóná. Lọ́dún 1949, àwọn Kọ́múníìsì, tí Mao Zedong jẹ́ olórí wọn, gba Ṣáínà. Ìjọba Chiang Kai-shek sì sá lọ sí erékùṣù Taiwan. Àwọn tí ó bá a lọ lé ní mílíọ̀nù kan. Yu gba Hong Kong kọjá, ó sì dé Taiwan lọ́dún 1950. Ẹni ọdún mọ́kànlélógún péré ni, bí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń ka ìwé yìí.

Òkun tí ó la àárín Taiwan àti Ṣáínà kò ju nǹkan bí 130 kìlómítà lọ níbi tí ó fún jù lọ. Síbẹ̀, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá, lẹ́tà kò sì gbọdọ̀ lọ tààrà. Ẹlòmíràn fi ìyá sí òdìkejì, kò sì mọ̀ bóyá ó ṣì wà láyé.

Lọ́dún 1972 ni Yu kọ ewì kúkurú kan tí ó pè ní "Xiangchou", èyí tí ó túmọ̀ sí àárò ilé. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé kò gba òun ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ṣùgbọ́n pé ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú òun fún ogún ọdún. Ohun mẹ́rin ni ó fi ṣe àpèjúwe àárò: sítáǹpù lẹ́tà nígbà èwe, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi nígbà tí ó dàgbà, sàréè ìyá rẹ̀ lẹ́yìn náà, àti òkun ní ìgbẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ètò yìí wò. Sítáǹpù ń gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé, tíkẹ́ẹ̀tì ń gbé ènìyàn lọ sílé. Ṣùgbọ́n kò sí tíkẹ́ẹ̀tì tí ó ń dé inú sàréè. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ẹ̀yìn sàréè ni òkun wá. Kí ni ó lè burú ju ikú ìyá lọ? Ẹnì kan ni ikú mú lọ; gbogbo ilé ni ọ̀nà tí a tì náà gbà lọ́wọ́ wọn. Kò sí ọ̀rọ̀ ńláńlá kankan nínú ewì náà, ìdí nìyẹn tí àgbà àti ọmọdé fi mọ̀ ọ́n. Lónìí, àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Ṣáínà ń kà á nínú ìwé wọn.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi ìyìn bo àléébù mọ́lẹ̀. Lọ́dún 1977, àwọn òǹkọ̀wé kan ní Taiwan ń kọ̀wé nípa àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ erékùṣù náà, ilẹ̀ tí àwọn náà ń pè ní ilé. Yu kọ àròkọ kan tako irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní ó jọ ti àwọn Kọ́múníìsì. Òfin ológun wà lóde nígbà náà. Irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n. Ẹni tí àárò ilé tirẹ̀ ń sọ kò gbọ́ ti ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà títí ó fi kú.

Lọ́dún 1987 ni ìjọba Taiwan gbà kí àwọn ènìyàn lọ wo ẹbí wọn ní Ṣáínà. Ọdún 1992 ni Yu padà fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n kò kó padà síbẹ̀. Ìlú Kaohsiung ní Taiwan ni ó ń gbé títí ó fi kú lọ́dún 2017, ní ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún.

Níbo ni ó wá fi ṣe ilé ní gbogbo ọdún tí ọ̀nà fi tì? Lójú tèmi, inú èdè ni. Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, ó sì túmọ̀ eré Oscar Wilde sí èdè rẹ̀. Síbẹ̀, lọ́dún 1987 kan náà, ó kọ àròkọ gígùn kan tí ó fi bá àwọn tí ń to ọ̀rọ̀ Ṣáínà bí ẹni ń to Gẹ̀ẹ́sì wí. Òkun lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè gba èdè.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kò sí ẹni tí ó ti ọ̀nà ilé mọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà nílé, tí kò sì gbọ́ èdè ilé mọ́, àjò ni ó wà.