‘The Walking Dead’: Mo ní eré náà ń fà bí ìgbín, àfìgbà tí ilẹ̀kùn àká ṣí

Àwọn àgbà ló sọ ọ́ pé ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀. Òwe yìí ni ọ̀rẹ́ mi kan pa fún mi nígbà tí mo dá eré tó yá mi padà fún un, tí mo sì sọ fún un pé n kò lè wò ó tán. Eré náà ni The Walking Dead, tí ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán AMC ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 2010, tí wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọjọ́ 20, oṣù Kọkànlá, ọdún 2022. Apá 11 ló ní, ìpín tó wà nínú rẹ̀ lápapọ̀ sì jẹ́ 177.

Ìtàn náà kò le láti mọ̀. Ìbọn ba ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Rick Grimes lẹ́nu iṣẹ́. Andrew Lincoln ló ṣe ipa rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, kò sì mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Nígbà tí yóò fi lajú, ayé ti dàrú. Àìsàn kan ti jà, àwọn òkú ti dìde, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ kiri ìgboro, wọ́n sì ń jẹ ẹran ara alààyè. Inú ìwé ìtàn aláwòrán tí Robert Kirkman bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní ọdún 2003 ni wọ́n ti mú un, Frank Darabont ló sì sọ ọ́ di eré tẹlifíṣọ̀n.

Ìpín mẹ́fà péré ni apá kìíní, ó sì gbóná janjan. Mo wò ó mọ́jú. Àṣé mo ti yára yọ̀. Nígbà tí apá kejì bẹ̀rẹ̀, ọ̀wọ́ àwọn òkú kọjá lójú títì, ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ́ Sophia sì sá wọ inú igbó. Wọ́n wá a, wọn kò rí i. Bí wọ́n ṣe ń wá a lọ́wọ́ ni ọdẹ kan yìnbọn fún àgbọ̀nrín, ọta ìbọn náà la ẹran yẹn kọjá, ó sì ba Carl, ọmọ Rick. Èyí ló gbé wọn dé oko Hershel Greene, bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ dókítà ẹranko.

Lójú mi, oko yìí ni eré náà kú sí. Wọ́n ń pọn omi, wọ́n ń sá aṣọ, wọ́n ń jiyàn, wọ́n tún ń padà lọ wá Sophia. Ìpín kẹrin ni mo wà tí oorun fi gbé mi lọ. N kò tilẹ̀ mọ ìgbà tí iná lọ. Èmi nìkan kọ́ ló sì ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ òǹwòran ní Amẹ́ríkà ló ráhùn lọ́dún 2011 pé apá kejì ti ń fà jù.

Ọ̀rẹ́ mi bi mí léèrè pé, “Ṣé o dé ibi àká?” Mo ní rárá. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí n gbé e padà lọ. Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ kò bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí, ẹ yáa dúró níbí.

Hershel ní àká ńlá kan nínú oko rẹ̀, ó sì ti í pa. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò, gbogbo wọn ti kú, gbogbo wọn sì ń rìn. Adìẹ ni wọ́n fi ń bọ́ wọn. Lọ́kàn Hershel, aláìsàn ni wọ́n, oògùn yóò sì dé lọ́jọ́ kan. Ní ìpín keje, Shane, ọ̀rẹ́ Rick, fi ipá ṣí ilẹ̀kùn náà. Bí àwọn òkú ṣe ń jáde ni wọ́n ń yìnbọn lù wọ́n, Hershel sì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń wò. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, tí a rò pé ó parí, òkú kan ṣoṣo tún wọ́ ẹsẹ̀ jáde. Sophia ni.

Ọmọ tí wọ́n ti ń wá kiri igbó, inú àká tí wọ́n ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ ló wà. Shane tó ń pariwo kò lè gbé ìbọn sókè mọ́. Rick tó ní kí ọmọ náà fara pamọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló rìn síwájú, òun ló sì yìn ín.

Mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo jókòó sínú òkùnkùn. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé ká ní ìpín kejì ni wọ́n ti rí òkú ọmọ náà ni, ǹ bá mi orí, ǹ bá sì gbàgbé. Mo padà lọ wo ìpín kẹrin tí mo sùn lé lórí. Ibẹ̀ ni Daryl ti já òdòdó funfun kan wá fún Carol, ìyá Sophia, kí ó má baà sọ̀rètí nù. Ohun tí mo pè ní fífà, ìdúró ìyá tó ń retí ọmọ ni.

Àwa Yorùbá mọ àkúdàáyà. Àkúdàáyà lè lọ sí ìlú mìíràn, kó fẹ́ ìyàwó, kó máa ṣòwò, títí ẹni tó mọ̀ ọ́n nígbà ayé rẹ̀ yóò fi dé ibẹ̀. Ó ṣì mọ ara rẹ̀, ó ṣì mọ èèyàn. Òkú inú eré yìí kò mọ ẹnikẹ́ni. Ojú ìyàwó Hershel ni Hershel ń rí nínú àká, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ohun tó le fún un láti gbà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí nílé. Ọdún mẹ́ta rèé tí bàbá mi àgbà ti kú. A sin ín, a jó, a pín abọ́ ike fún àlejò. Lójú àwa ọmọ, ó ti parí. Ṣùgbọ́n ìyá mi àgbà kò jẹ́ ká kó aṣọ rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, wọn á kó agbádá àti fìlà síta, wọn á sá wọn, wọn á tún ká wọn padà sínú àpótí. Èmi ni mo ń yọ wọ́n lẹ́nu jù pé, “Ìyá, ẹ jẹ́ ká kó o fún àwọn tó máa wọ̀ ọ́.” Èsì wọn kò ju ọ̀kan lọ: “Ọmọ mi, ta ló ń lé ọ?”

N kò ní kí ẹnikẹ́ni gbé òkú tì mọ́nú àká o. Eré náà fi hàn pé àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n ó gba ìpín méje kó tó fi hàn wá, nítorí pé gbígbà pé èèyàn ẹni ti lọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan.

Kí n má parọ́, kì í ṣe gbogbo fífà inú eré yìí ló ní èrè. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2014, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 17 ló wo ìbẹ̀rẹ̀ apá karùn-ún ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn tí wọ́n pa Glenn, ààyò ọ̀pọ̀ òǹwòran, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016, ogun tó tẹ̀ lé e pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn òǹwòran sì ń dín kù. Eré ọmọdé kọ́ ni pẹ̀lú, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ pọ̀.

Nígbà tí mo délé ní ìsinmi tó kọjá, n kò sọ̀rọ̀ aṣọ mọ́. Mo bá ìyá àgbà gbé àpótí síta, mo sì béèrè ibi tí bàbá wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ. Wọ́n ń sọ ọ́ fún mi títí oòrùn fi wọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ wo eré yìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá kìíní. Bí ẹ bá wá dé oko Hershel tí oorun fẹ́ gbé yín, ẹ rántí ìfun èèrà.