Ta Ló Kọ́kọ́ Lù Ú? Ọdẹ, Olè Kékeré àti Ọwọ́ Oníkálukú

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí ètò wa lọ́sẹ̀ yìí ni ẹ fẹ́ kà yìí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn kò tó láti gbọ́ ọ, mo sì ti yọ ibi tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mi ti fẹ́ gba ètò mọ́ mi lọ́wọ́.

Fídíò kan wà lórí fóònù mi tí mi ò tíì gbé síbì kankan. Kò gùn ju ìṣẹ́jú-àáyá 47 lọ. Ìkéjì-Arákejì ni mo ti ká a ní December 2024, nígbà tí mo lọ ṣe Kérésì lọ́dọ̀ ìyá àgbà mi. Bí ẹ ò bá mọ ibẹ̀, ojú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ ló wà, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá ibẹ̀ báyìí, kò ní pẹ́ wọ ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹlòmíì mọ ìlú náà nítorí Yunifásítì Joseph Ayọ̀ Babalọlá tó bẹ̀rẹ̀ ní 2006. Àwọn àgbà mọ̀ ọ́n nítorí Babalọlá fúnra rẹ̀, awakọ̀ ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀nà, tó gbọ́ ìpè Ọlọ́run níbẹ̀ ní 1928. Èmi mọ̀ ọ́n nítorí kòkó.

Ẹ ó rántí ohun tí owó kòkó dà lásìkò yẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, tọ́ọ̀nù kan kò tó 3,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Nígbà tó fi máa di December 2024, ó ti kọjá 12,000. Ohun tí ìyá àgbà máa ń sá síwájú ilé bí ẹni sá èlùbọ́ wá di wúrà tó ń sun ìta. Ẹ sì wo iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀: kí wọ́n ká a, kí wọ́n fọ́ ọ, kí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ mẹ́fà kó tó kan, kí wọ́n tó wá máa sá a, kí wọ́n máa fẹsẹ̀ rò ó, kí wọ́n máa sáré kó o wọlé bí òjò bá ṣú. Ẹni tó bá wá palẹ̀ rẹ̀ mọ́ lóru, iṣẹ́ ọdún kan ló gbé lọ. Mo tètè ń sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà ní mò ń gbèjà olè.

Ní nǹkan bí aago méjì òru, àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò mú ọmọkùnrin kan pẹ̀lú àpò kòkó tí kò tíì kún. Kì í ṣe kòkó ìyá àgbà, ti ilé kejì sí wa ni. Fèrè dún, gbogbo wa tú jáde. Kí n tó wá bàtà mi rí, èrò ti pé. Ẹnì kan ti lù ú kí n tó débẹ̀, ètè rẹ̀ ti bẹ́. Ẹlòmíì ń pariwo pé kí wọ́n lọ gbé táyà wá. Mo mọ ohùn yẹn. Ohùn ẹni tí mo kí ní àárọ̀ ọjọ́ náà ni, tó sì bi mí pé ṣé mi ò ní fẹ́yàwó ni.

Èmi ńkọ́? Mo tan iná fóònù, mo ń ká fídíò. Ẹ máa gbọ́ ohùn mi nínú rẹ̀ tí mò ń sọ fún àwọn tó wà níwájú pé kí wọ́n yà, kí n lè rí ojú rẹ̀. Mi ò fọwọ́ kàn án o. Mo kàn tan iná sí i lójú kí àwọn tó fẹ́ lù ú lè ríran dáadáa.

Bàbá kan wà nínú àwọn ọdẹ yẹn tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n gbé ìbọn ṣakabùlà wọn fún ọ̀dọ́ kan kó bá wọn mú un, wọ́n sì lóṣòó ti ọmọ náà. Ohun tí mo rò pé wọ́n máa sọ ni pé kí a ṣàánú rẹ̀. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lù ú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa lù ú, kó bọ́ síwájú, kó dárúkọ ara rẹ̀, kó dárúkọ ilé baba rẹ̀, kí gbogbo ènìyàn gbọ́, lẹ́yìn náà kó lu tirẹ̀. Wọ́n wá yíjú sí ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n ní, ìwọ oníná yìí ńkọ́, kí lorúkọ tìrẹ?

Ibẹ̀ ni fídíò náà parí sí.

Kò sẹ́ni tó dárúkọ. Ṣe làwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rántí pé àwọn ò ti ilẹ̀kùn kí àwọn tó jáde. Ẹni tó fẹ́ gbé táyà wá kò tún gbin mọ́. Bàbá náà sì wà lórí òṣó títí ilẹ̀ fi mọ́, tí wọ́n fi fa ọmọ náà lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà á ti máa rẹ́rìn-ín níbi tí ẹ wà, torí òṣómàáló gidi nìyẹn. Àwọn baba wa tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri ìlú mọ bí wọ́n ṣe ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Àṣé a lè lóṣòó gba ẹ̀mí náà.

Lọ́jọ́ kejì mo mú obì lọ kí wọn. Mo fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti rí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Wọn ò dá mi lóhùn tààrà. Ọ̀rọ̀ ọdẹ òru ni wọ́n ń bá mi sọ. Ẹni tó bá ń ṣọdẹ lóru, iná orí ló ń lò. Nígbà kan àtùpà kábáídì ni, tọ́ọ̀ṣì ni báyìí. Kì í kọ́kọ́ rí ara ẹran, ojú rẹ̀ ló ń rí tó ń tàn yanran nínú igbó. Mo lọ wádìí èyí, òótọ́ ni: lẹ́yìn ojú ọ̀pọ̀ ẹran tó ń jẹ̀ lóru, bí ẹtu àti ẹtà, ohun kan wà níbẹ̀ bíi dígí tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Ojú ènìyàn ò ní in. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ ní in, ajá náà ní in. Nítorí náà, ojú tó tàn kò tíì sọ fún ọdẹ pé ẹran ìjẹ ni. Igbó tí ojú kankan ò sì ti tàn kò sọ fún un pé kò sí ènìyàn níbẹ̀, torí àgbẹ̀ tó sùn sóko lè wà lẹ́yìn igi. Ọdẹ gbọ́dọ̀ dúró, kó mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀, kó tó fa ohun kan. Ìròyìn ọdẹ tó yìnbọn pa ènìyàn tó sì ní ẹran ni òun rò pé ó jẹ́, ẹ ti kà á rí, kò ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ yìí. Bí irú rẹ̀ bá sì ṣẹlẹ̀, ọdẹ náà kò lè sọ pé ẹgbẹ́ ọdẹ ló yìnbọn. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló wà lára ìbọn.

Ó yé mi nígbà yẹn. Àwa tá a jáde lóru ọjọ́ náà, a pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kankan ò fi jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Ohun tí bàbá náà ṣe ni pé wọ́n dá ọwọ́ oníkálukú padà fún un.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ìparí March 2025, ọ̀rọ̀ yìí bẹ́ sórí àwọn ọdẹ fúnra wọn. Ní Uromi, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, àwọn fijilanté dá ọkọ̀ kan dúró. Ìpínlẹ̀ Rivers ló ti ń bọ̀, Kano ló ń lọ, àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì ń lọ ṣọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ nílé. Ọdẹ ni wọ́n. Wọ́n bá ìbọn ìbílẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹnì kan pariwo pé ajínigbé ni wọ́n, èrò sì ya bò wọ́n. Ènìyàn 16 ló kú. Gómìnà Monday Okpebholo fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí Kano láti lọ bá wọn kẹ́dùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà: àwọn tó ń ṣọ́ ìlú ló dá àwọn ọdẹ dúró, ohun èlò iṣẹ́ ọdẹ sì di ẹ̀rí ìwà ọ̀daràn. Ìbọn ṣakabùlà tí bàbá wa gbé fún ọ̀dọ́ yẹn mú kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà. Bí ó bá jẹ́ pé bàbá wa ló ń rìnrìn-àjò gba Uromi kọjá lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?

Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ jù wá lọ rántí Aluu. October 5, 2012, nítòsí Yunifásítì Port Harcourt, wọ́n na akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Olè ni wọ́n pè wọ́n, olè fóònù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká. Àwọn kan dúró, wọ́n ń ká fídíò bí tèmi, fídíò náà sì ká gbogbo Nàìjíríà. Ní 2017, ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún ènìyàn mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọlọ́pàá wà nínú wọn. Mẹ́ta péré, nínú gbogbo èrò tó kún ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òfin sọ, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ọ́n. Nínú Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ṣe fún gúúsù Nàìjíríà, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ni ìjìyà olè jíjà lásán. Abala 390 ni. Ìjìyà ìpànìyàn, ní abala 319, ikú ni. Ìyẹn ni pé ẹjọ́ ẹni tó lu olè kòkó pa wúwo ju ẹjọ́ olè náà lọ fíìfíì. Abala 7 ló wá bà mí lẹ́rù jù. Kì í ṣe ẹni tó ṣe é nìkan ni òfin kà sí ọ̀daràn. Ẹni tó ràn án lọ́wọ́ wà níbẹ̀, ẹni tó gbà á nímọ̀ràn náà wà níbẹ̀. Ẹni tó pariwo táyà ńkọ́? Ẹni tó tan iná ńkọ́? Mi ò kì í ṣe lọ́yà, mi ò sì fẹ́ kí adájọ́ fi èmi dán an wò.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: ọlọ́pàá á gbowó, wọ́n á tú u sílẹ̀, á sì padà wá. Mi ò ní bá yín jiyàn, ẹ̀rù yẹn kì í ṣe àròsọ. Torí ẹ̀ náà la ṣe padà sọ́dọ̀ ọdẹ. January 9, 2020 ni àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ìwọ̀-oòrùn gúúsù ṣí Àmọ̀tẹ́kùn n'Íbàdàn, tí mínísítà ètò ìdájọ́ ìgbà náà, Abubakar Malami, sì kéde láàárín ọ̀sẹ̀ kan pé kò bófin mu, kí àwọn ìpínlẹ̀ tó lọ ṣòfin tiwọn. Inú mi dùn sí i nígbà yẹn, inú mi ṣì ń dùn sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé iṣẹ́ ìṣọ́ lé ọdẹ lọ́wọ́, a ò gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀rí-ọkàn tiwa tẹ̀ lé e.

Òwe wa náà pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan ní ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Mo fara mọ́ ìyẹn: ọmọ tó jí kòkó gbọ́dọ̀ jẹ́jọ́ kòkó. Àìríṣẹ́ṣe kì í ṣe àwáwí, torí ìyá àgbà náà ò níṣẹ́ mìíràn. Èkejì ni ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Èmi ò fẹ́ràn òwe yìí, mo sọ ọ́. Òun ló ń mú kó rọrùn láti pa ọmọ ogún ọdún nítorí àpò tí kò kún, bí ẹni pé ọgọ́ta ọdún tó kù fún un ti bàjẹ́ tán.

Ó ku ohun kan tí mi ò fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀, torí mo fẹ́ràn àwọn bàbá yìí. Ní February 2025, iná jó igun kan nínú oko kòkó ìyá àgbà mi. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ìgbà tí wọ́n máa ń fi iná sun igbó kí ẹran lè sá jáde. Igi tó ń so láti ìgbà tí ìyá mi wà lọ́mọdé jó kanlẹ̀. Ohun tó jó níbẹ̀ ju àpò kan lọ ní ìlọ́po mélòó. Fèrè ò dún. Kò sẹ́ni tó béèrè táyà. Wọ́n ní ọdẹ ló dáná, ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀, bí ẹni pé "ọdẹ" jẹ́ orúkọ tí ìyá kan sọ ọmọ rẹ̀.

Mo pe bàbá náà lórí fóònù. Mo bi wọ́n, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bóyá wọ́n bi àwọn ènìyàn wọn bí wọ́n ṣe bi wá lóru ọjọ́ yẹn. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Wọ́n ní àwọn bi wọ́n nípàdé ẹgbẹ́, kí ẹni tó dáná dárúkọ ara rẹ̀ àti ilé baba rẹ̀. Mo ní, kí ni wọ́n wí? Wọ́n ní gbogbo wọn ń wo ilẹ̀ ni, bí ìwọ náà ṣe wolẹ̀.

Bí ẹ bá ní irú fídíò tèmi yìí lórí fóònù yín, ẹ má fi ránṣẹ́ sí mi, mi ò fẹ́ wò ó. Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí ẹ sọ ibi tí ẹ dúró sí nígbà tí ẹ ń ká a. Kí ẹ kọ́kọ́ dárúkọ. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.