Èló Ni Apá Ẹni Tí Ń Ju Bọ́ọ̀lù?

Ẹ̀yin oníṣòwò, iye tí a pe ọjà kọ́ ni owó tí ń wọ àpò. Dak Prescott ló kọ́ mi, ẹni tí ń fọwọ́ ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Dallas Cowboys ní Amẹ́ríkà. Àdéhùn ọdún kan ṣoṣo ló ní nígbà tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ní 2020. Síbẹ̀, ní 2021, wọ́n fún un ní ọdún 4, mílíọ̀nù 160 dọ́là. Ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 126 ni wọ́n fọwọ́ sọ̀yà, bó tilẹ̀ tún ṣèṣe. Èmi tíṣà, 126 ni n ó kọ sójú pátákó. Ìlérí ni ìyókù. Òfin sì fi ààlà sí owó tí ẹgbẹ́ lè ná lórí gbogbo agbábọ́ọ̀lù. Bí ẹnì kan bá kó púpọ̀ jù, ta ni yóò kù láti dáàbò bò ó?