Ọjọ́ Kẹta Iléyá Nínú Aago Kọ̀ǹpútà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni bí a ṣe lè kọ ìlànà fún kọ̀ǹpútà kí ó lè máa ṣírò àkókò bí aago.

Ti wákàtí kò le. A ó sọ wákàtí di ìṣẹ́jú. Aago méjìlá òru ni a ó pè ní òdo. Bí ọkọ̀ kan bá gbéra ní Ìjẹ̀bú-Òde ní aago mẹ́sàn-án kọjá ogójì ìṣẹ́jú lálẹ́, ìṣẹ́jú 1,300 ti kọjá. Bí ìrìn rẹ̀ bá gba wákàtí mẹ́ta ààbọ̀, a ó ro 210 mọ́ ọn, yóò di 1,510. Ìṣẹ́jú 1,440 ni ó wà nínú ọjọ́ kan. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, yóò ku 70, èyí ni aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá òru.

Ìṣirò ọjọ́ ni ó gba àròjinlẹ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni a máa ń ṣe Ojúde Ọba. Ní ọdún 2025, ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà, ni Iléyá bọ́ sí. Bí kọ̀ǹpútà bá ro 3 mọ́ 6, ọjọ́ kẹsàn-án ni yóò mú wá. Àlejò tí ó bá tẹ̀ lé e yóò bá pápá ní òfìfo, nítorí ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ, ni a ṣe ayẹyẹ náà.

Kí ni ó fà á? Yorùbá a máa ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ iye. Ẹ wo ìjẹta: òní ni ọ̀kan, àná ni èjì, ìjẹta ni ẹ̀ta. Bẹ́ẹ̀ ni ọrún, tí í ṣe ọjọ́ karùn-ún, ṣe jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin sí ọjà tí a ná kẹ́yìn. Ìsán jẹ́ mẹ́jọ, ìtàdógún sì jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Gbogbo wọn ni ó ṣe é fi mẹ́rin pín láìṣẹ́ kù.

Nítorí náà, ẹni tí ó ń kọ ìlànà gbọ́dọ̀ yọ ọ̀kan kúrò nínú iye kí ó tó rò ó mọ́ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Bí a bá fi 17 ṣírò èèsú onítàdógún, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni yóò máa yẹ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí yóò bá di ẹ̀ẹ̀kẹrin, odidi ọjà kan ni a ó ti fi pẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, kò sí àṣìṣe nínú kíkà àwọn baba wa, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú ti ẹ̀rọ. Ibi tí oníkálukú ti bẹ̀rẹ̀ ni ó yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìyàtọ̀ yìí kí ó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ.