Ta Ló Ní Ìròyìn Ikú Ọba? Èrò Akọ̀ròyìn Kan Láti Lọ́ńdọ̀nù

  

Lẹ́yìn ètò tó kọjá, olùgbọ́ wa kan fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó ní, "Ẹ̀yin akọ̀ròyìn tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ta ló fún yín láṣẹ láti máa sọ pé ọba wa ti kú nígbà tí ààfin ò tíì sọ̀rọ̀?" Ohùn bàbá náà le díẹ̀, àmọ́ ìbéèrè gidi ni wọ́n bi mí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìròyìn níbí, kò sì sí ìbéèrè tó máa ń gbà mí lọ́kàn tó o. Òun nìkan la máa fi ètò òní ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ibi tó ti ṣẹlẹ̀ gan-an. Lọ́jọ́ 28 oṣù Keje ọdún 2015, Ọọ̀ni Ifẹ̀, Ọba Okùnadé Ṣíjúwadé, Olúbùṣe Kejì, wàjà ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ẹni ọdún 85 ni kábíyèsí, wọ́n sì ti wà lórí ìtẹ́ láti oṣù Kejìlá ọdún 1980. Kíá ni ìròyìn náà ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan. Àwọn ìjòyè Ifẹ̀ jáde, wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kábíyèsí wà láàyè. Ó di ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ kí wọ́n tó lọ fi ọ̀rọ̀ náà tó Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá létí ní ìlànà àṣà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko.

Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ náà. Olóòtú wa, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó mọ iṣẹ́ dunjú, wá sídìí tábìlì mi, ó ní, "Ọba yín yìí, ṣé ó kú ni àbí kò kú?" Mo pè é lórúkọ, nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí nìyẹn (ọdún kan gbáko ló gbà mí kí ẹnu mi tó lè pe ọ̀gá mi lórúkọ láìfi nǹkan kan síwájú rẹ̀), mo ní, "Ọ̀rọ̀ tó o lò yẹn, a kì í lò ó fún ọba." Mo ṣàlàyé fún un pé ọba kì í kú ní tiwa. Ọba wàjà ni, ó gba òkè àjà lọ. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ó dára, ṣé ó ti gba òkè àjà lọ ni àbí kò tíì lọ?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Lójú olóòtú mi, ìkéde ikú jẹ́ ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń fi ròyìn ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Nílé wa, ìkéde náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ara ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Láàárín ìgbà tí ẹ̀mí bọ́ àti ìgbà tí wọ́n bá kéde, iṣẹ́ wà nílẹ̀ láti ṣe. Àwọn tó ni ètùtù ọba á gba iṣẹ́ wọn. Wọ́n á dáàbò bo ààfin àti ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n á mọ ẹni tí yóò mójú tó ìlú títí ìtẹ́ yóò fi ní onílé. Ẹni tó bá kéde kí iṣẹ́ yẹn tó parí, wọn ò kàn ní kà á sí ẹni tó yára sọ̀rọ̀. Ẹni tó gba iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe ni.

Ṣé àwọn ìjòyè wá purọ́ ni? Ìyá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn lórí rédíò nílé, wọ́n sì pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọn ò bi mí bóyá òótọ́ ni. Wọ́n kàn ní, "O ò gbọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́?" Ó ti yé wọn. Etí tó mọ èdè ààfin á gbọ́ "kò tíì tó àkókò" nínú ohun tí olóòtú mi gbọ́ bíi "irọ́ ni." Bí mo ṣe fẹ́ kọ ìyẹn sínú ìròyìn ọ̀rọ̀ ọ̀ọ́dúnrún ni wàhálà mi.

Àwọn ará ilé wá rò pé mo sún mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Fóònù mi ò sinmi. "Ìwọ tó o wà níbẹ̀, kí lo gbọ́?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn: bí mo tilẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì láti Peckham lọ dúró síwájú ilé ìwòsàn èyíkéyìí ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sí nọ́ọ̀sì tó máa dá mi lóhùn. Ọ̀rọ̀ aláìsàn jẹ́ àṣírí lábẹ́ òfin níbí, ìbáà jẹ́ ti ọba, ìbáà jẹ́ ti agbálẹ̀. Ẹbí ò sọ̀rọ̀. Èmi tí mo wà nílùú tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó wà ní Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń pè kí n tó mọ nǹkan kan.

Ẹni yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, bí mi ò tiẹ̀ ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọ bíbí Ifẹ̀ ni, ó máa ń bá àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn òkèèrè ṣiṣẹ́, wọ́n á sì sanwó fún un lórí ìròyìn kọ̀ọ̀kan. Òun ló ń lọ wo ẹnu ọ̀nà ààfin. Òun ló ń wo ọjà bóyá ó ń ná. Nígbà tí Lọ́ńdọ̀nù ní kó fún wa lórúkọ ẹnì kan tó lè fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀, ó dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Lọ́ńdọ̀nù lẹ̀yin máa sùn lálẹ́ òní. Ifẹ̀ lèmi máa sùn." Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún olóòtú bó ṣe sọ ọ́. Kò bèèrè orúkọ mọ́. Síbẹ̀, iye tí wọ́n san fún un kò yàtọ̀ sí iye tí wọn ì bá san ká ní ìròyìn bọ́ọ̀lù ló kọ. Mo ti sọ ọ́ nínú ìpàdé lẹ́ẹ̀mejì, mo tún ń sọ ọ́ níbí: kò dáa bẹ́ẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà tí a kì í sábà sọ jáde. Níbi tí wọ́n bá ti gbé Orò jáde fún ètùtù ọba, obìnrin ò gbọdọ̀ yọjú. Akọ̀ròyìn obìnrin tó mọ iṣẹ́ ju gbogbo wa lọ, inú ilé ló máa wà lọ́jọ́ yẹn. Ojú ọkùnrin nìkan la fi ń rí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń kà á kì í sì í mọ̀.

Báwo la ṣe wá kọ ọ́? Ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré kan tí a fẹ́ràn jù ní Yorùbá: "wọ́n ní." Wọ́n ní owó epo fẹ́ lé. Wọ́n ní ọkọ rẹ̀ ti dé. Àwọn wo ló ní bẹ́ẹ̀? Kò sẹ́ni tó ń bèèrè. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, gbolóhùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní olówó tirẹ̀. Nítorí náà, ohun tí a kọ ni pé àwọn ìwé ìròyìn kan ní Nàìjíríà sọ pé báyìí ló rí. Pé ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè Ifẹ̀ sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àti pé ní àṣà Yorùbá, ààfin ló máa ń kéde, ó sì lè pẹ́. Gbolóhùn kẹta yẹn ni mo jà fún. Wọ́n fẹ́ yọ ọ́ nítorí àyè, mo ní bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ ti sọ àwọn àgbàlagbà di òpùrọ́ nìyẹn. Wọ́n fi í sílẹ̀.

Ẹ má rò pé àwọn òyìnbó ò ní irú rẹ̀ o. Lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ààfin kéde lọ́sàn-án pé àwọn dókítà ń ṣàníyàn nípa ìlera Ọbabìnrin Elizabeth Kejì. Ìwé ẹ̀rí ikú tó jáde lẹ́yìn náà sọ pé aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n papò dà. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni olórí ìjọba gbọ́. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni gbogbo ayé tó gbọ́. Ní gbogbo ọ̀sán yẹn, àwọn tó ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n wọ dúdú, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde. Mo yíjú sí ẹnìkejì mi ní ọ́fíìsì, mo ní, "Àṣé ẹ̀yin náà ní ìjòyè!"

Tọdún 1936 tilẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Ọba George Karùn-ún ń kú lọ, dókítà rẹ̀, Lord Dawson, fún un lábẹ́rẹ́ tó mú ikú yá, ọ̀kan nínú ìdí tó kọ sílẹ̀ sì ni kí ìròyìn náà lè bọ́ sínú ìwé ìròyìn The Times ti òwúrọ̀, kó má bọ́ sọ́wọ́ àwọn ti ìrọ̀lẹ́. Ọdún 1986 ni aráyé tó mọ̀. Ẹ wo ààfin tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣètò ìròyìn!

Ohun tó yàtọ̀ ni pé ààfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn ti jọ ṣètò rẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Wọ́n mọ ẹni tí yóò pe ta, wọ́n sì mọ̀ pé bí àwọn bá dúró, àwọn kò ní dúró pẹ́. Kò sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ààfin wa àti ilé iṣẹ́ tí mo wà. Nígbà tí Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí wàjà lọ́dún 1980, kò sí fóònù alágbèéká. Ọdún 2001 ni GSM dé Nàìjíríà. Ìgbà yẹn, àṣírí ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣeé ṣe. Nígbà tí Aláàfin Lámídì Adéyẹmí wàjà ní Adó-Èkìtì ní alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 2022, ọjọ́ kejì ni wọ́n ti sin wọ́n ní Ọ̀yọ́.

Nítorí náà, bàbá, ẹ gbọ́ èsì mi. Kò sẹ́ni tó fún wa láṣẹ. Bí ọba bá wàjà ní Lọ́ńdọ̀nù, òfin ilẹ̀ yìí ní kí wọ́n kọ ikú náà sínú ìwé ìjọba láàárín ọjọ́ díẹ̀, yálà ààfin ti ṣe tán tàbí kò tíì ṣe tán. Mi ò lè ṣe bí ẹni pé ìwé yẹn kò sí. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n kọ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí n fi "wàjà" sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín títí wọn yóò fi sọ ọ́, kí n sì rí i dájú pé ọmọkùnrin Ifẹ̀ yẹn lè sùn nílé rẹ̀. Bí èsì yìí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, sà, ẹ tún fi ohùn ránṣẹ́, a máa gbé e sórí ètò.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, owó tí à ń fi ránṣẹ́ sílé la máa sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó dàbọ̀ o.