Ìperí fún RNA Bíńtín àti Sẹ́ẹ̀lì Orísun

Ní ọdún 1993 ni Victor Ambros àti Gary Ruvkun pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà tẹ iṣẹ́ jáde lórí aràn tí gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí mìlímítà 1 lọ, Caenorhabditis elegans. Wọ́n fi hàn pé jíìnì tí a ń pè ní lin-4 kì í pèsè purotéènì kankan. RNA tí ó tó nǹkan bí lẹ́tà 22 péré ni ó ń mú jáde. RNA yìí a máa so mọ́ RNA ajíṣẹ́ ti jíìnì mìíràn, kí iṣẹ́ tí ìyẹn ń jẹ́ má baà di purotéènì. Ní ọdún 2024 ni àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel. “RNA bíńtín” ni mo dábàá fún un.

Ohun tí ó ṣòro ju èyí lọ ni sẹ́ẹ̀lì tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní stem cell. Olùtumọ̀ tí ó bá tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì gbọnrangandan yóò kọ ìtì igi sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì máa wá igi tí kò sí. “Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀” sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ ilé kì í di ògiri, kì í sì í di òrùlé. Sẹ́ẹ̀lì tí à ń wí yìí, bí ó bá pín sí méjì, ọ̀kan lè dà bí ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́, kí èkejì di awọ tàbí iṣan. Omi orísun a máa ṣàn lọ di odò, síbẹ̀ orísun kò gbẹ. Nítorí náà ni mo ṣe fara mọ́ “sẹ́ẹ̀lì orísun”. Kí a pe dídà bí ìyá ní “ìsọradọ̀tun”, kí a sì pe ìyípadà sí awọ tàbí iṣan ní “ìgbaṣẹ́”. “Ìyànṣẹ́” ni ó kọ́kọ́ wù mí, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ọ ní yunifásítì wa tí kò ní rántí ìyanṣẹ́lódì? Pẹ̀lúpẹ̀lù, sẹ́ẹ̀lì kì í dá iṣẹ́ yàn fúnra rẹ̀.

RNA bíńtín wà lára àwọn tí ń bá a yàn án. Bí aràn náà kò bá ní let-7, tí a kéde ní ọdún 2000, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ a tún máa pín nígbà tí ó yẹ kí wọ́n ti di awọ àgbà. Nínú sẹ́ẹ̀lì orísun ọlẹ̀ eku àti ti ènìyàn, purotéènì LIN28 ni kì í jẹ́ kí let-7 gbó. Bí LIN28 bá ti ń dín kù ni let-7 ń pọ̀ sí i, tí ó sì ń dènà ìsọradọ̀tun. Let-7 a sì máa dín LIN28 pàápàá kù.

Ó ku ọ̀rọ̀-ìṣe kan tí ń fa àṣìṣe. Kí olùkọ́ má ṣe sọ pé RNA bíńtín “pa” jíìnì. Jíìnì wà níbẹ̀ láìfarapa. Iṣẹ́ tí ó rán ni kò dé, tàbí tí ó dé ní àbọ̀. “Dín ohùn jíìnì kù” ni kí ó wí.