Abẹ́rẹ́ Kan Kí Ọmọ Tó Wọ Bàálù

Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ni ọmọ mi nígbà tí a fẹ́ gbé e láti Houston lọ sí Ìbàdàn kí ìyá mi lè fojú kàn án. Dókítà rẹ̀ ní kí ó kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi A. Inú bí Màmá lórí fóònù.

"Ṣé omi ilé wa ti di májèlé ni? Ṣebí kànga yìí ni ìwọ náà mu dàgbà?"

Òótọ́ ni, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà. Láti inú ìgbọ̀nsẹ̀ ẹni tó ní kòkòrò àrùn náà ni ó ti ń gba inú omi, oúnjẹ tàbí ọwọ́ tí a kò fọ̀ dé ẹnu ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a dàgbà nílé ti kó o ní kékeré láìmọ̀, nítorí ojú ọmọdé kì í sábà pọ́n. Ẹni tó bá sì ti ṣe é kì í ṣe é mọ́. Ọmọ tèmi kò bá a pàdé rí. Ó lè kó o kó ṣì máa ṣeré, kó sì kó o ran bàbá rẹ̀ tí a bí síhìn-ín. Àgbàlagbà ni ó ń dá dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Abẹ́rẹ́ ìrìn-àjò yìí kò sí lára méjì tí yóò gbà lẹ́yìn ọdún kan, tí oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, yóò wà láàárín wọn. (Ẹkún ṣì kù!) Èyí tí wọ́n ń fún ọmọ tuntun ní Nàìjíríà, ti oríṣi B ni, kò dá A dúró.

Màmá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá béèrè bóyá itan ọmọ náà wú.